Eegun, Iṣan àti Okùn Tí Ó So Wọ́n Pọ̀

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ìlera ni oògùn ọrọ̀. Tọmọdé tàgbà ni ó máa ń sọ ọ̀rọ̀ yìí, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ènìyàn ni ó máa ń bi ara rẹ̀ léèrè ohun tí ó gbé ara dúró tí ìlera fi rí ibi jókòó sí. Nígbà tí ara bá le, kò sí ẹni tí ń ronú kan eegun rẹ̀. Ọjọ́ tí ọ̀kan bá kán ni a máa ń mọ̀ pé ó ti ń bẹ níbẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá, tí ó ń ṣiṣẹ́ láìgba owó oṣù.

Báyìí ni ọ̀rọ̀ rí fún ọ̀dọ́mọkùnrin ọlọ́kadà kan ní ìlú Lọ́kọ́ja, olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Kogí. Ẹni tí ó bá mọ Lọ́kọ́ja yóò mọ̀ pé ìlú àwọn arìnrìn-àjò ni. Ibẹ̀ ni Odò Ọya àti Odò Bẹ́núé ti pàdé; ibẹ̀ náà ni ọ̀nà tí ó ti ìhà gúúsù wá gbà lọ sí Àbújá. Ọkọ̀ àjàgbé kì í dáwọ́ dúró lójú ọ̀nà yìí tọ̀sán-tòru, àárín wọn sì ni àwọn ọlọ́kadà ti ń wá oúnjẹ òòjọ́ wọn. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù Ṣẹ́rẹ́, tí ọyẹ́ bo Òkè Patí tí a kò rí orí rẹ̀ mọ́, ọ̀dọ́mọkùnrin yìí gbé èrò kan láti Fẹ́lẹ́lẹ́, ó ń lọ sí ọjà. Ọkọ̀ àjàgbé kan ṣàdédé yà sí i lójú ọ̀nà. Ó yẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n alùpùpù rẹ̀ ṣubú, ó sì wó lu ẹsẹ̀ òsì rẹ̀. Èrò tí ó gbé dìde, ó gbọn eruku ara rẹ̀ nù. Òun alára kò lè dìde. Nígbà tí ó wo ìsàlẹ̀, ó rí i pé ojúgun rẹ̀ ti tẹ̀ ní ibi tí Ẹlẹ́dàá kò fi oríkèé sí.

Kí ó tó di ọ̀sán, àwọn ẹbí ti pé. Ìyá rẹ̀, tí ń ta ẹja yíyan ní etí odò, ní kí wọ́n gbé e lọ sí ilé-ìwòsàn. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ kọ̀ jálẹ̀. Ó ní, “Ìyàwó wa, fara balẹ̀. Bí a bá gbé e débẹ̀, owó ni wọn yóò kọ́kọ́ béèrè. Lẹ́yìn owó, wọn yóò ní kí a jẹ́ kí àwọn gé ẹsẹ̀ náà. Ọmọ ẹlẹ́sẹ̀ kan ni o fẹ́ gbé bọ̀ wá sílé fún wa bí?” Kì í ṣe pé ọkùnrin yìí burú. Ẹ̀rù tí ó wà lọ́kàn ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn nílẹ̀ wa ni ó sọ jáde lẹ́nu. Ìyá dákẹ́. Wọ́n gbé ọmọ náà sínú ọkọ̀, wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ baba kan tí ń to eegun ní abúlé kan lẹ́bàá ọ̀nà Kàbà.

Baba yìí mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó fi ìka wá ibi tí eegun gbé kán láìsí ohunkóhun tí ó fi ń wo inú ara. Ó fi òrí pa ẹsẹ̀ náà, ó fà á díẹ̀díẹ̀ títí tí ẹnu eegun méjèèjì fi padà kanra. Lẹ́yìn èyí, gẹ́gẹ́ bí àṣà, ó mú adìẹ kan, ó ṣẹ́ ẹ lẹ́sẹ̀, ó sì dì í, nítorí ìgbàgbọ́ àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ yìí ni pé bí ti adìẹ bá ti ń san ni ti aláìsàn yóò máa san. Ẹlòmíràn tí ó ṣubú láti orí ọ̀pẹ ń dúró dè é, nítorí náà ó fi dídì ẹsẹ̀ ọlọ́kadà sílẹ̀ fún ọmọ ìṣẹ́ rẹ̀. Ọmọ ìṣẹ́ to igi ọparun yí ojúgun náà ká, ó sì fi okùn dì í gírígírí, kí eegun má baà yẹ̀. Èrò rẹ̀ ni pé bí ó bá ṣe le tó ni yóò ṣe dára tó.

Ibí yìí ni ó yẹ kí a ti dúró díẹ̀, kí á wo ohun tí ó wà nínú ẹsẹ̀ tí ọmọ ìṣẹ́ yìí dì.

Ohun àkọ́kọ́ ni eegun. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ èdè Yorùbá mọ̀ pé ohùn nìkan ni ó ya eegun sọ́tọ̀ kúrò lára eégún. Eégún ń jó lóde, eegun ń bẹ nínú. Ṣùgbọ́n bí kò bá sí eegun nínú, kò sí eégún tí yóò jó lóde. Àgbàlagbà ní eegun 206. Ọmọ tuntun ní jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó tó nǹkan bí 270 sí 300, nítorí pé púpọ̀ nínú eegun ọmọdé ni yóò so pọ̀ di ọ̀kan bí ó ti ń dàgbà. Bí a bá ka ti ọwọ́ láti ọrùn ọwọ́ dé orí ìka, 27 ni ó wà nínú ọwọ́ kan. Ti ẹsẹ̀ láti ọrùn ẹsẹ̀ dé ọmọ ìka jẹ́ 26. Bí a bá ro ọwọ́ méjèèjì pọ̀ mọ́ ẹsẹ̀ méjèèjì, a ó rí 106, èyí tí ó ju ìdajì gbogbo eegun ara lọ. Abájọ tí ọwọ́ fi lè hun ẹní, tí ó lè kọ̀wé, tí ó sì lè lu gángan.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé eegun dà bí òkúta. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ohun méjì ni a fi mọ eegun: èkíní ni èròjà líle tí kálísíọ̀mù àti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì wà nínú rẹ̀, èkejì ni okùn tín-ín-rín tí ara fúnra rẹ̀ ń hun. Èkíní ni kì í jẹ́ kí eegun tẹ̀. Èkejì ni kì í jẹ́ kí ó fọ́ bí ìkòkò. Olùkọ́ lè fi èyí han àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ láìná owó púpọ̀. Kí ó rẹ eegun itan adìẹ kan sínú ọtí kíkan fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan, kí ó sì sun èkejì nínú iná títí yóò fi funfun. Ọtí kíkan yóò ti fa èròjà líle jáde kúrò nínú ti àkọ́kọ́, yóò sì máa tẹ̀ bí ọrẹ́. Iná yóò ti jó okùn inú ti èkejì, bí a bá sì fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́, yóò rún. Bí kọnkéré tí a ki irin sí ni eegun rí: irin nìkan kò tó, kọnkéré nìkan kò tó.

Èyí tí ó tún yani lẹ́nu ni pé eegun wà láàyè. Ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn nínú rẹ̀. Mùdùnmúdùn pupa tí ó wà nínú àwọn eegun kan ni ó ń pèsè ẹ̀jẹ̀ tuntun fún gbogbo ara. Nínú eegun kan náà, àwọn òṣìṣẹ́ kan wà tí ń wó ògiri àtijọ́, àwọn mìíràn sì ń tẹ̀ lé wọn, tí wọ́n ń mọ tuntun. Láàárín ọdún kan, nǹkan bí ìdá kan nínú ìdá mẹ́wàá eegun àgbàlagbà ni ara ń sọ di tuntun. Ní ọdún 1892, oníṣẹ́ abẹ kan ní ilẹ̀ Jámánì tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Julius Wolff tẹ ìwé kan jáde nínú èyí tí ó ti fi hàn pé bí ẹrù tí eegun ń rù bá ti rí ni eegun ṣe ń tún ara rẹ̀ mọ. Àwọn alábàárù tí ń sọ àpò kalẹ̀ ní etí odò Lọ́kọ́ja kò ka ìwé náà, ṣùgbọ́n eegun wọn mọ̀ ọ́n. Ní ìdàkejì, àwọn tí ń gbé inú ọkọ̀ òfurufú lójú sánmà, níbi tí ara kò ti ní ìwúwo, máa ń pàdánù nǹkan bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún eegun wọn lóṣooṣù. Eegun tí kò ṣiṣẹ́ ń rù.

Ohun kejì ni iṣan. Èyí tí ó ń gbé eegun rìn nínú wọn ju 600 lọ. Òfin kan ṣoṣo ni ó wà fún iṣan: fífà ni iṣẹ́ rẹ̀, kò lè ti nǹkan. Ìdí nìyí tí iṣan fi ń ṣiṣẹ́ ní méjì-méjì. Èyí tí ó wà níwájú apá fà, apá ká. Èyí tí ó wà lẹ́yìn fà, apá nà. Àwọn lagilagi méjì tí ń fa ayùn ni wọ́n jọ: bí ti ìhín bá fà, ti ọ̀hún á dẹ̀. Àwọn àgbà tí ó ní ọwọ́ kan kò gbé igbá dé orí lè ṣàìmọ̀ pé òwe wọn bá iṣan náà mu. Iṣan sì ni ó ń mú ara gbóná; nígbà tí ọyẹ́ bá mú tí ara ń gbọ̀n, iṣan ni ó ń ṣiṣẹ́ kí ooru má baà tán. Ṣùgbọ́n ọ̀jẹun ni iṣan. Ẹ̀jẹ̀ ni ó ń gbé oúnjẹ àti afẹ́fẹ́ wá fún un. Bí ẹ̀jẹ̀ kò bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́, láàárín nǹkan bí wákàtí mẹ́fà, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í kú ikú tí kò ní àjíǹde.

Ohun kẹta ni okùn àti awọ tí ó so gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ rí wọn, kí ó lọ dúró níwájú àtẹ alápatà. Okùn funfun líle kan wà ní ìparí ẹran tí ọ̀bẹ kì í tètè gé: òun ni ó so iṣan mọ́ eegun. Òmíràn wà ní oríkèé, tí ó so eegun mọ́ eegun. Ohun kan tí ó funfun tí ó ń dán wà ní orí eegun níbi tí eegun méjì ti pàdé; irú rẹ̀ ni ó wà ní etí wa. Kò ní iṣan ẹ̀jẹ̀ nínú, ìdí nìyí tí kì í fi í tètè san bí ó bá fara pa. Òògùn gbogbo ìrìn wa wà lọ́wọ́ àwọn nǹkan wọ̀nyí. Lọ́kọ́ja jẹ́ oríkèé láàárín omi méjì; bí kò bá sí ohun tí ó di etí bèbè mú, omi á kúrò lójú ọ̀nà rẹ̀, bí gbogbo ará ìlú náà ti rí i nínú ẹ̀kún omi ọdún 2012. Oríkèé tí okùn rẹ̀ já kò yàtọ̀ sí èyí.

Èdè wa fún olùkọ́ ní iṣẹ́ díẹ̀ níhìn-ín. Iṣan ni a ń pe ẹran tí ń fà. Iṣan ni a ń pe okùn tí ó so ó mọ́ eegun. Iṣan náà ni a tún ń pe ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà. Bí olùkọ́ kò bá yà wọ́n sọ́tọ̀, akẹ́kọ̀ọ́ yóò kó wọn pọ̀. A lè fi iṣan sílẹ̀ fún èyí tí ń fà, kí á pe ti ẹ̀jẹ̀ ní iṣan ẹ̀jẹ̀, kí á pe èyí tí ó so iṣan mọ́ eegun ní okùn iṣan, kí á sì pe èyí tí ó so eegun mọ́ eegun ní ìdè oríkèé. Gbogbo ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ti wà lẹ́nu wa tẹ́lẹ̀. Ètò ni wọ́n ń fẹ́.

Ó ku ẹyọ kan, òun sì ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ẹsẹ̀ lọ́wọ́ ọlọ́kadà. Awọ funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan wà tí ó yí iṣan ká, èyí tí ìyàwó ilé máa ń fi ọ̀bẹ bó kúrò lára ẹran. Láti orúnkún dé ọrùn ẹsẹ̀, awọ yìí pín iṣan sí yàrá mẹ́rin. Ó tín-ín-rín, ṣùgbọ́n kì í nà. Bí eegun bá kán, ẹ̀jẹ̀ á dà sínú àwọn yàrá náà, iṣan á wú, awọ kò sì ní gbà kí ó tóbi. Bí ènìyàn bá tún wá fi igi àti okùn dì í gírígírí láti ìta, ìwúsókè náà kò ní ibi tí yóò gbà mọ́. Yóò tẹ àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ pa, iṣan yóò sì máa kú lábẹ́ igi ọparun, nígbà tí àwọn ẹbí jókòó tí wọ́n ń dúpẹ́ pé eegun ti tò.

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó rí. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, ọ̀dọ́mọkùnrin yìí bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ní kí ó ṣe ọkàn akin, ó ní eegun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tò kò lè ṣe kí ó má dunni. Ṣùgbọ́n ìrora yìí kò jọ ti ọ̀sán. Ńṣe ni ó ń le sí i. Nígbà tí ó ṣe, ìyá rẹ̀ fi ọwọ́ kan ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀, ó rí i pé ó tutù. Ó já a léèékánná, ó ní, “Ọmọ mi, ta ni ó fọwọ́ kàn ọ́?” Ọmọ náà dáhùn pé, “Ìyá mi, ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn mí.” Obìnrin náà kò dúró gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́. Ó jáde sínú òkùnkùn, ó lọ jí baba tí ń to eegun.

Baba tan tọ́ọ̀ṣì sí ẹsẹ̀ náà. Ó tẹ èékánná àtàǹpàkò, ó sì jọ̀wọ́ rẹ̀. Pupa tí ó yẹ kí ó padà síbẹ̀ kò padà. Láìsọ̀rọ̀, ó fa ọ̀bẹ yọ, ó gé okùn gbogbo, igi ọparun sì tú ká sílẹ̀. Ó wá kọjú sí àwọn ẹbí, ó ní, “Ẹ gbé e lọ sí ilé-ìwòsàn nísinsìnyí, ẹ má dúró de ilẹ̀ kí ó mọ́. Eegun ni mo mọ̀ ọ́n tò. Ẹran tí ó bá ti kú, èmi kò lè jí i.” Ẹ̀gbọ́n bàbá fẹ́ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kò rí èsì fún ọ̀rọ̀ àgbà.

Ní ilé-ìwòsàn, àwọn dókítà kò gé ẹsẹ̀. Awọ funfun náà ni wọ́n là gbọọrọ, kí iṣan lè rí àyè mí. Wọ́n ya àwòrán inú ẹsẹ̀ náà pẹ̀lú ìmọ́lẹ̀ tí Wilhelm Röntgen ṣàwárí ní ilẹ̀ Jámánì ní ọdún 1895, wọ́n sì fi irin gbé eegun náà ró láti ìta. Àwòrán yẹn fi hàn pé baba abúlé kò tàsé: ẹnu eegun méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ kanra tán. Owó tí ìyá náà san kò kéré, ó jẹ gbèsè, ó sì ta àgbá tí ó fi ń yan ẹja. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ méjì ni ọmọ rẹ̀ gbé bọ̀ wálé.

Irin kò jinná eegun. Eegun ni ó jinná ara rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tí ó dà ní ojú ibi tí ó kán kọ́kọ́ dì. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, ara fi ohun rírọ̀ ṣe afárá láti ẹnu kan dé èkejì. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí méjìlá, afárá náà le di eegun. Lẹ́yìn èyí, àwọn òṣìṣẹ́ tí a ti mẹ́nu kàn lẹ́ẹ̀kan bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ẹ, tí wọ́n ń tún un ṣe fún ọ̀pọ̀ oṣù títí dé ọdún. Ojúgun àgbàlagbà sábà máa ń gbà tó oṣù mẹ́ta tàbí mẹ́rin kí ó tó gbé ara, nígbà mìíràn a sì jù bẹ́ẹ̀ lọ. Adìẹ baba ti ń ta ilẹ̀ kiri àgbàlá kí oṣù kejì tó wọlé, nígbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin náà ṣì ń fi igi rìn. Adìẹ kò purọ́, ṣùgbọ́n eegun adìẹ kì í ṣe eegun ènìyàn.

Kí ni a rí kọ́? Kì í ṣe pé kí á kẹ́gàn àwọn tí ń to eegun. Hugh Owen Thomas, tí a bí ní ọdún 1834 ní erékùṣù Anglesey ní ilẹ̀ Wales, ọmọ ìran àwọn tí ń to eegun ni. Bàbá rẹ̀ kò kàwé ìṣègùn, ṣùgbọ́n ó rán ọmọ rẹ̀ lọ kà á. Thomas da ọgbọ́n ìdílé pọ̀ mọ́ ìmọ̀ ilé-ẹ̀kọ́, ó ṣe irin kan tí ń gbé ẹsẹ̀ tí ó kán dúró, irin náà sì gba ẹ̀mí àwọn ọmọ ogun là lọ́pọ̀lọpọ̀ nínú Ogun Àgbáyé Kìíní, lẹ́yìn tí òun fúnra rẹ̀ ti kú ní 1891. Nílẹ̀ wa, ilé-ìwòsàn eegun tí ó wà ní Ìgbóbì ní Èkó ti ń ṣiṣẹ́ láti ọdún 1945. Ọwọ́ tí ń to eegun kò ṣàìní láàárín wa. Ohun tí ó ṣẹ́ kù ni kí ọwọ́ náà mọ ohun tí ó wà lábẹ́ awọ. Bí ìrora bá ń le sí i lẹ́yìn tí a di ẹsẹ̀, bí ọmọ ìka bá tutù, bí ó bá kú tipiri, bí ó bá ṣì tàbí tí àwọ̀ kò padà sí èékánná, kí á tú u lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí á sì gbé aláìsàn lọ sí ilé-ìwòsàn. Ọ̀rọ̀ wákàtí ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọjọ́.

A kò gbọdọ̀ dúró de ọjọ́ tí eegun bá kán kí á tó tọ́jú rẹ̀. Ìwádìí tí a ṣe ní ìlú Jos, tí a sì tẹ̀ jáde ní ọdún 1999, fi hàn pé àìtó kálísíọ̀mù nínú oúnjẹ ni ó ń mú kí ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀ ọmọdé níbẹ̀ tẹ̀, kì í ṣe àìrí oòrùn. Oògùn rẹ̀ kò jìnnà sí Lọ́kọ́ja. Ẹja wẹ́wẹ́ inú odò tí a ń jẹ tegungun-tegungun, àti wàrà tí àwọn Fúlàní ń kiri, tó ìpìlẹ̀ fún eegun ọmọ.

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ti padà sórí ọ̀kadà rẹ̀. Ó ń tiro díẹ̀, pàápàá nígbà tí ọyẹ́ bá mú. Nígbà tí ó lọ kí baba ní abúlé, ó bá a níbi tí ó gbé jókòó ti ọmọ ìṣẹ́ rẹ̀ tí ń di apá ọmọdé kan. Baba ti ìka kan bọ abẹ́ okùn náà, ó ní, “Bí ìka mi kò bá ráyè wọlé, ẹ̀jẹ̀ náà kò ní ráyè kọjá.” Ó wá mú ọwọ́ ọmọ náà, ó tẹ̀ ẹ́ léèékánná, ó sì dúró títí pupa fi padà. Ẹ̀yin olùkọ́ ọ̀la, ẹ̀kọ́ tí ó gùn tó ìka kan ni èyí. Ẹ jẹ́ kí ó dé gbogbo kíláàsì.